Ìdí tí kámẹ́rà méjì kì í fi í rí ògiri funfun

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún àṣekágbá ni mo wà ní yunifásítì. Iṣẹ́ àkànṣe mi ni ẹ̀rọ tí afọ́jú máa gbé kọ́ àyà, tí yóò máa kìlọ̀ fún un bí nǹkan bá wà níwájú rẹ̀. Mo so kámẹ́rà USB méjì mọ́ pákó, mo fi sẹ̀ǹtímítà 6.3 sí àárín wọn nítorí mo kà á pé bẹ́ẹ̀ ni ojú èèyàn ṣe jìnnà síra. OpenCV, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, ni mo lò. Àga àti àpótí ìwé ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ògiri funfun yàrá mi kún fún ihò dúdú àti àmì wúruwùru, irin ojú fèrèsé ń jáde bíi pé ó ti súnmọ́ mi ju bó ṣe wà lọ, ohun tó wà ní òpin kọ́rídọ̀ sì ń yí iye padà ṣáá. Ọmọ ọdún méjì ń rí ògiri, kì í forí sọ ọ́. Ṣé ọ̀nà tí ètò yìí ń gbà ṣe é kò bá ti ojú wa mu ni? Ṣé kí n pa á tì, kí n lọ lo AI tó máa kọ́kọ́ dá nǹkan mọ̀ kó tó sọ bí ó ṣe jìnnà tó?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o ṣàlàyé ohun tó o rí gan-an dípò kó o kàn sọ pé kò ṣiṣẹ́. Má pa á tì. Ìbéèrè bíi mẹ́ta ló wé mọ́ra nínú ohun tó o kọ. Ìṣirò ìjìnnà kò le rárá. Iṣẹ́ tó le ni kí kọ̀ǹpútà mọ èwo nínú àwọn àmì inú àwòrán òsì ló jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èwo nínú àwòrán ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ihò dúdú ara ògiri ti wá, ibẹ̀ náà ni irin fèrèsé tó fò wá síwájú ti wá. Ti òpin kọ́rídọ̀ nìkan ló ní ìdí mìíràn, màá dé orí rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìṣirò kúrò lọ́nà. Na àtàńpàkò rẹ síwájú, di ojú òsì, ṣí i, kó o wá di ti ọ̀tún. Wàá rí i tí àtàńpàkò ń fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ṣe súnmọ́ ojú tó ni fífò náà máa ń pọ̀ tó. Charles Wheatstone, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn ní 1838 pé ìyàtọ̀ yìí nìkan tó fún wa láti rí jíjìn. Ó ya àwòrán onílà lásán méjì, kò fi òjìji sí i, ó lo dígí méjì láti darí ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, àwòrán pẹlẹbẹ náà sì dìde, ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Nínú kámẹ́rà, pixel, àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, la fi ń ka fífò náà, òun sì ni OpenCV ń pè ní disparity. Mú focal length kámẹ́rà rẹ (ìjìnnà láti lẹ́ǹsì sí ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú rẹ̀) ní pixel, fi àlàfo àárín kámẹ́rà méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀, fi disparity pín in, ìjìnnà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í ṣi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àmọ́ ta ló máa wá disparity yẹn rí? Bó o bá ní kí ètò náà wá a láàárín 0 sí 63, pixel kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán òsì ní 64 tó lè jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí ìlà kan náà nínú àwòrán ọ̀tún, ọ̀kan péré ló sì tọ́ nínú wọn. Lórí àga àti àpótí ìwé, etí àti àmì ara wọn ń mú kí ọ̀kan yàtọ̀ gédégbé sí 63 yòókù. Lórí ògiri funfun, gbogbo wọn ló jọra. Ohun tó kù tí ètò náà lè fi yan ọ̀kan ni àwọn wóró kékeré tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀, àwọn yẹn kò sì jọra nínú kámẹ́rà méjèèjì. Ló fi ń yan èyí lónìí, tó ń yan òmíràn lọ́la, tàbí kó gbà pé òun ò rí kankan, kó fi ihò dúdú síbẹ̀.

Irin fèrèsé ní tirẹ̀ ní àmì, àmọ́ àmì kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní focal length rẹ jẹ́ 700 pixel (calibration, ìyẹn wíwọn kámẹ́rà méjèèjì kó o tó lò wọ́n, ló máa sọ tìrẹ gan-an), irin fèrèsé wà ní mítà 2 sí ọ, wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra. Disparity tó tọ́ fún wọn jẹ́ 22. Nínú àwòrán, irin kan sí èkejì jẹ́ pixel 35. Bí ètò náà bá mú irin kan pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lápá kan, disparity á di 57, ìjìnnà á sì di sẹ̀ǹtímítà 77. Bó bá mú un pọ̀ mọ́ aládùúgbò apá kejì, disparity á bọ́ sísàlẹ̀ òdo, o kò sì ní kó wá a dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irin náà fi ń fò wá síwájú nígbà gbogbo tí kì í sá sẹ́yìn. Ohun tó o rí lójú ẹ̀rọ rẹ bá ìṣirò mu pátápátá.

Ní ti ọmọ ọdún méjì, kì í ṣe ojú méjì nìkan ló fi ń rí ògiri. Di ojú kan kó o rìn yí yàrá rẹ ká, o ò ní forí sọ ògiri. Ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ìlà igun yàrá, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ojú fèrèsé, bí nǹkan ṣe ń sún bí a ṣe ń yí orí, àti pé a ti mọ bí yàrá ṣe máa ń rí: gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ ń kó jọ. Àwọn èèyàn wà láàárín wa tí wọn ò lè fi ojú méjì rí jíjìn rárá, pàápàá àwọn tí ojú wọn méjèèjì kì í wo ibì kan náà láti kékeré. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, òmíràn nínú wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní in. Nítorí náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ, ìwọ sì ń fi wé ẹni tó ní bíi márùn-ún.

Wàyí o, ṣé dandan ni kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá àga mọ̀ ní àga kó tó mọ bó ṣe jìnnà tó? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di 1960 nígbà tí Béla Julesz, ará Họ́ńgárì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, gbé àwòrán kan jáde tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìwọ náà lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Fi àmì dúdú àti funfun kún ojú ìwé kan láìtẹ̀lé ètò kankan. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nínú ẹ̀dà náà, mú àwọn àmì tó wà ní àárín, ní onígun mẹ́rin, sún gbogbo wọn lọ sápá òsì ní ìwọ̀nba pixel mélòó kan, kó o sì fi àmì tuntun di àlàfo tó ṣẹ́kù. Bó o bá wo ọ̀kan nínú méjèèjì, wúruwùru lásán lo máa rí, kò sí onígun mẹ́rin kankan níbẹ̀. Jẹ́ kí ojú òsì wo ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ojú ọ̀tún wo ẹ̀dà náà, onígun mẹ́rin náà á léfòó síwájú ìyókù, kedere. Kò sí ohun tí ọpọlọ lè kọ́kọ́ dá mọ̀ nínú àwòrán yẹn, síbẹ̀ ó rí jíjìn rẹ̀. Mo rọ̀ ọ́ kó o ṣe é gan-an, kó o sì fi àwòrán méjèèjì fún ètò OpenCV rẹ. Yóò rí onígun mẹ́rin náà, ìwọ á sì fi ojú ara rẹ rí i pé ètò náà kò yàgàn.

Àwòrán Julesz ló bí ìbéèrè tí David Marr, ará Gẹ̀ẹ́sì, àti Tomaso Poggio, ará Ítálì, gbìyànjú láti dáhùn ní 1976: nígbà tí àmì dúdú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá jọra, kí ni a lè gbára lé láti yan èyí tó tọ́? Wọ́n ní ìwà tí ayé ń hù ni. Àmì dúdú kò lè jẹ́ ẹnìkejì àmì funfun. Àmì kan ní ojú kan kò lè ní ju ẹnìkejì kan lọ, nítorí ohun kan ṣoṣo kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, ojú ara àwọn nǹkan sábà máa ń tẹ́, tí àmì tó wà nítòsí ara wọn á fi ní disparity tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àyàfi ní etí ibi tí nǹkan kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá sọ òfin mẹ́ta yìí di àwọ̀n inú kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì tó wà nítòsí ara wọn tí disparity wọn bára mu ń ti ara wọn lẹ́yìn, àwọn tó ń bá ara wọn du ẹnìkejì kan náà ń tẹ ara wọn rì, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí ọ̀rọ̀ á fi fìdí múlẹ̀. Onígun mẹ́rin Julesz jáde. Marr kú ní 1980, ọmọ ọdún 35 péré ni, ó sì ń dùn mí títí di òní nígbàkigbà tí mo bá ka iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òun ló kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú ń gbára lé ká tó kọ ètò kankan.

Ètò tó ò ń lò ń gbára lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. StereoSGBM inú OpenCV, tí mo gbà pé òun lò ń lò, wá láti inú ọ̀nà tí Heiko Hirschmüller gbé jáde ní Jámánì ní 2005. Ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìdáhùn tó bá fo láti pixel kan sí aládùúgbò rẹ̀: kékeré, tí ò ń pè ní P1, bí disparity bá fi ẹyọ kan yàtọ̀, ńlá, tí ò ń pè ní P2, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá gbé P2 sókè, ẹ̀rí tó wà ní etí ògiri, níbi fírémù ilẹ̀kùn tàbí kàlẹ́ńdà tó wà lára rẹ̀, á máa tàn wọ àárín ibi tó funfun, ihò á sì dín kù. Ohun tó o máa fi san án ni nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn ìsáṣọ tó na kọjá níwájú ilé, tó wà ní ọgbọọgba ọrùn ẹni tó ń kọjá, lè pòórá nínú àwòrán rẹ nítorí ètò náà á kà á sí àṣìṣe, á sì tẹ́ ẹ mọ́ ẹ̀yìn. Fún afọ́jú, okùn yẹn léwu ju ihò orí ògiri lọ. Má ṣe gbé P2 sókè kó o tó fi okùn gidi dán an wò.

O béèrè bóyá èyí bá bí ojú wa ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Àwọn tó ń wádìí ọpọlọ ní àwòṣe tiwọn, tó yàtọ̀ sí ti àwa tó ń wọn ìjìnnà. Ní 1990, Ohzawa, DeAngelis àti Freeman fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ ológbò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn sí ìwọ̀n disparity kan pàtó, wọ́n sì kọ ìṣirò tó ṣàpèjúwe wọn. Nígbà tó di 1997, Cumming àti Parker lo àwòrán bíi ti Julesz fún ọ̀bọ, tí ohun tó dúdú ní ojú kan fi jẹ́ funfun ní èkejì. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í fún wa ní jíjìn, síbẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi àkọ́kọ́ tí ìríran ń dé nínú ọpọlọ ṣì ń dáhùn sí i. Ìyẹn ni pé wọ́n ń dáhùn sí ẹnìkejì èké pẹ̀lú, ibi tó jìnnà síwájú nínú ọpọlọ ni a ti ń yanjú rẹ̀. SGBM kò gbìyànjú láti ṣe èyí, kò sì yẹ kó dà ọ́ láàmú.

Ó ku òpin kọ́rídọ̀. Pẹ̀lú 700 pixel àti sẹ̀ǹtímítà 6.3, ohun tó wà ní mítà 1 ní disparity 44, èyí tó wà ní mítà 10 ní 4.4 péré. Bí ètò náà bá fi pixel kan ṣàṣìṣe níbẹ̀, mítà 10 á di 13, tàbí kó di 8. Àní bí àṣìṣe rẹ̀ kò bá ju ìdá mẹ́rin pixel lọ, ní mítà 2 ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.3, ní mítà 10 ó ti di 57. Ìjìnnà di ìlọ́po 5, àṣìṣe di ìlọ́po 25. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lo kámẹ́rà méjì, kò sí ètò tó lè mú un kúrò.

Sẹ̀ǹtímítà 6.3 kì í sì í ṣe òfin. Ọkọ̀ Spirit àti Opportunity tí Amẹ́ríkà gbé sórí Mars ní 2004 ní kámẹ́rà méjì-méjì, èyí tó ń wo ewu ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra, ti ìtọ́nà 20, èyí tó ń wo ọ̀nà jíjìn 30. Iṣẹ́ ló pinnu àlàfo. Bó o bá fẹ̀ ẹ́ di 12, àṣìṣe ọ̀nà jíjìn á dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba disparity tó o ní kó wá ń ṣèdíwọ́ fún ohun tó súnmọ́. Pẹ̀lú 64, ẹ̀rọ rẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ kò lè rí ohunkóhun tó bá súnmọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, bó o bá sì fẹ àlàfo náà di 12 láìfi kún 64 yẹn, yóò di mítà 1.3. Afọ́jú kò nílò mítà 10. Mítà 4 síwájú tó fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Fi àlàfo rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, gbé numDisparities, iye disparity tí ètò ń wá, dé 128, kó o lè rí ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 35. Kí n má gbàgbé: iye tí SGBM ń kọ jáde ti wà ní ìlọ́po 16. Bí o kò bá fi 16 pín in kó o tó ṣírò, gbogbo ìjìnnà rẹ á kéré ní ìlọ́po 16.

Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn bíi mẹ́jọ mọ́ ògiri funfun yẹn, kó o tún un yà. Bí ògiri bá jáde pẹrẹsẹ níbi tí ìwé wà, àìsí àmì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ihò bá ṣì wà lórí ìwé ìròyìn pàápàá, calibration rẹ ló bàjẹ́, èmi kò sì lè mọ èyí láti ibi tí mo wà láìrí àwòrán rẹ. Wo àwòrán méjèèjì lẹ́yìn tí ètò ti tò wọ́n: igun tábìlì kan náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà pixel kan náà ní òsì àti ọ̀tún. Bó bá fi ju pixel kan lọ yàtọ̀, ètò náà ń wá ẹnìkejì lórí ìlà tí kò sí. Pa autofocus, nítorí gbogbo ìgbà tí lẹ́ǹsì bá sún ni focal length ń yí padà, calibration á sì di asán. Lo irin dípò pákó bó o bá lè rí i, pákó máa ń wọ́ nínú ooru. Kámẹ́rà USB méjì kì í sì í ya àwòrán ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́, tí ẹni tó gbé e kọ́rùn bá ń rìn, ìyàtọ̀ àsìkò yẹn á di ìjìnnà èké.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí lo lè ṣe sí ògiri? Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ń ta àmì infurarẹ́ẹ̀dì (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí) sára ògiri kó lè ní ohun tí kámẹ́rà máa rí. Ó dára nínú ilé, àmọ́ oòrùn ọ̀sán máa ń bo àmì náà mọ́lẹ̀ níta, kámẹ́rà USB lásán sì sábà máa ń ní gíláàsì tó ń dí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ olóhùn kékeré bíi HC-SR04, tó ń ta ohùn tí etí wa kì í gbọ́ jáde tó sì ń dúró de ìgbà tó máa padà, kò wọ́n, ó ń rí ògiri funfun, ó ń rí gíláàsì tí kámẹ́rà kò rí, títí dé nǹkan bíi mítà 4, àmọ́ bí ògiri bá dagun sí i, ohùn náà á tàkìtì lọ síbòmíràn. Èmi á fi í kún kámẹ́rà rẹ ṣáájú ohun gbogbo.

Ní ti AI, láti bíi 2015 ni àwọn ètò tí a fi àwòrán kọ́ ti ń bá ti àtijọ́ díje, lónìí wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn lórí àwọn ìdánwò tí gbogbo ayé ń lò. Wọn kì í kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan bí o ṣe rò. Ẹnìkejì pixel ni àwọn náà ń wá, wọ́n kàn ti kọ́ bí ògiri àti ilẹ̀ ṣe sábà máa ń rí ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọn kì í fi ihò sílẹ̀. Ibi tí wọn ò ti ní ẹ̀rí, wọ́n á fi ohun tó jọ òótọ́ dí i, ojú lásán kò sì ní mọ̀. Ètò tí a fi àwòrán òpópónà Karlsruhe ní Jámánì kọ́ kò tíì rí gọ́tà tí kò ní ìdérí rí. Ó tún ń béèrè kọ̀ǹpútà tó lágbára, tí bátìrì àyà kò ní lè gbé pẹ́. Bó o bá ní ọ̀nà láti dán an wò, dán an wò, kó o fi wé SGBM rẹ lórí gọ́tà àdúgbò rẹ, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe sí ètò rẹ lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Tan uniquenessRatio àti disp12MaxDiff, kí wọ́n máa pa ìdáhùn tí kò dájú rẹ́, bí ihò bá tilẹ̀ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, lọ wo ibi tó o ti ń pinnu ìkìlọ̀ nínú kóòdù rẹ. Mo fura pé ihò dúdú ń jáde bí òdo tàbí nọ́ńbà tó kéré sí òdo, tí kóòdù rẹ sì ń kà á sí pé ọ̀nà là. Yà á sọ́tọ̀. Ihò etí òsì àwòrán, tí kò lè ní ẹnìkejì, kò ṣe nǹkan kan, gé e dànù. Àmọ́ bí ihò bá gba àárín ìríran, tí ẹ̀rọ olóhùn kò sì sọ pé ibẹ̀ ṣófo, kí ẹ̀rọ náà kìlọ̀ fún ẹni tó gbé e bí ẹni pé ògiri wà níbẹ̀. Fi ohùn tó yàtọ̀ sí ti ìdènà tó dájú ṣe ìkìlọ̀ yẹn, kí onítọ̀hún lè mọ ìgbà tó yẹ kó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú. Kọ ohun tí ìwé ìròyìn bá fi hàn ránṣẹ́ sí mi, kó o sì fi àwòrán méjèèjì kún un.